Ẹni tó ń wádìí ọ̀ràn ìbò, ó yẹ kí ìlú mọ rírì rẹ̀

 

Lọ́dọọdún, bí ọdún ìlú bá ti ń súnmọ́lé, iṣẹ́ kan máa ń dé ọwọ́ ẹgbẹ́ wa. Ta ni a ó fún ní ìwé ẹ̀yẹ? Ta ni a ó bá lọ bẹ àwọn Kábíyèsí pé kí wọ́n fi oyè dá lọ́lá? Irú èèyàn kan náà ni orúkọ wọn máa ń jáde. Ẹni tó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹgbẹ́. Ẹni tó kan páànù sórí ilé ẹ̀kọ́. Dépíté tó pín ìrẹsì. Oníṣòwò tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé òkú àgbà wálé láti Kútọnu. A kò sọ pé ó burú. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí a ti ń ṣe é, a kò tíì pe ẹnì kan jáde rí nítorí pé ó wádìí bí ìbò wa ṣe ń lọ, ohun tó ń bà á jẹ́, àti ohun tó lè tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Àwọn kan á ní kí ló kan ìwádìí nínú ọ̀rọ̀ ìlú wa. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jókòó ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28, Mọnsínyọ̀ Isidore de Souza ló ṣe alága wọn. Ẹnu ni wọ́n fi jà, wọn kò fi ìbọn jà, wọ́n sì dá ìbò padà sọ́wọ́ aráàlú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1991, Ààrẹ tó wà lórí àga, Mathieu Kérékou, fìdí rẹmi níwájú Nicéphore Soglo, ó sì kúrò ní àlàáfíà. Ní 1996, òun náà tún fi ìbò padà wá. Gbogbo Áfíríkà ló ń wò wá nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ní ọdún 2019, nígbà tí a yan àwọn dépíté, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò. Àwọn tó jáde láti dìbò kò ju nǹkan bí 27 nínú 100 lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ìjà ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ àti ní Tchaourou. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò Ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n dí títì ní Ṣábẹ, ìbọn dún, ẹ̀mí sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbò tí kò dára máa ń wọlé wá bá wa, ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ alátakò padà sínú ilé ìgbìmọ̀, wọ́n gba ìjókòó 28 nínú 109. Síbẹ̀ àwọn tó dìbò kò tó 40 nínú 100. Òjìji ìjà ti fà sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé kò tíì padà dé.

Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó tó sì fi sùúrù wádìí ohun tó ń mú kí aráàlú ta ìbò rẹ̀, tàbí kó dìbò nítorí orúkọ ìdílé, tàbí kó jókòó sílé, iṣẹ́ wa ni onítọ̀hún ń ṣe.

Ẹ sì gbọ́ o, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú irú ìwádìí yìí tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Ẹni tó ṣe é ni Leonard Wantchekon, ọmọ Zagnanado. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ta ko ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1985. Ní òpin ọdún 1986 ó sá jáde, ó gba Nàìjíríà lọ. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Princeton. Kò sì gbàgbé ilé, òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ gíga African School of Economics sílẹ̀ ní Abomey-Calavi.

Báwo ni ó ṣe ṣe ìwádìí náà? Àgbẹ̀ tó wà láàárín wa á tètè mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun dára fún àgbàdo, o kò ní dà á sí gbogbo oko. Wàá dà á sí ebè kan, wàá fi èkejì sílẹ̀, wàá wá fi wọ́n wéra nígbà ìkórè. Ohun tó ṣe nìyẹn nígbà ìbò Ààrẹ ti oṣù kẹta ọdún 2001. Ó bá ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́rin sọ̀rọ̀, wọ́n gbà. Wọ́n mú abúlé 20 láìṣàyàn, èyí tí olùdìbò inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 756 ní ìṣirò àárín. Ní àwọn kan, aṣojú olùdíje lọ sọ ọ̀rọ̀ “ẹ̀yin nìkan”: bí mo bá wọlé, iṣẹ́ ìjọba á dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín, nǹkan á dé agbègbè yín. Ní àwọn mìíràn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ “gbogbo wa”: ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè, gbígbógun ti ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, òṣì tí a fẹ́ dín kù. Ní àwọn abúlé yòókù, wọ́n fi ìpolongo sílẹ̀ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn ìbò, wọ́n lọ béèrè bí àwọn èèyàn ṣe dìbò.

Kí ni wọ́n rí? Ọ̀rọ̀ “ẹ̀yin nìkan” mú ìbò wọlé fún gbogbo olùdíje, ní gbogbo agbègbè. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ “gbogbo wa” ṣiṣẹ́ ní gúúsù, ṣùgbọ́n ó pa àwọn tó sọ ọ́ lára ní àríwá, ó sì pa ẹni tó wà lórí àga lára. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bú ará àríwá o. Ìbò kan ṣoṣo ni, abúlé 20 péré ni, òun tó ṣe ìwádìí náà kò sì sọ pé ìwà ènìyàn ni ó ń wọ̀n.

Èyí tó yẹ kí ẹ̀yin ìjòyè fi ọkàn sí jù ni ti àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin fẹ́ràn ọ̀rọ̀ “gbogbo wa” ju àwọn ọkùnrin lọ. Bí àwa ṣe rí i, kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àpò owó bá wọ ìlú lóru ìbò, ta ni ó máa ń gbà á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwa ọkùnrin la máa ń jókòó yí i ká. Ó kéré tán kí aṣọ àti ọṣẹ díẹ̀ kan àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ̀bí tí kò ní iná, omi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́, títì ọjà tó di ẹrẹ̀, orí wọn ni gbogbo rẹ̀ ń dá lé. Ẹni tí ẹ̀bùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ìlú ni yóò máa wò.

Kò tán síbẹ̀. Ní ìbò Ààrẹ ti ọdún 2006, Wantchekon àti Thomas Fujiwara tún dán nǹkan mìíràn wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìpàdé ìta gbangba ni wọ́n ṣe ní àwọn abúlé kan, wọ́n gbé ètò olùdíje kalẹ̀, àwọn ará ìlú sì sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n béèrè ìbéèrè. Kò sí ìlù, kò sí ìrẹsì. Ohun tó jáde ni pé fífi ẹ̀bùn ra ìbò dín kù níbi tí wọ́n ti ṣe ìpàdé. Iye àwọn tó jáde dìbò kò yàtọ̀. Ẹni tó ka abúlé kan sí ilé rẹ̀, tó rò pé ìbò ibẹ̀ ti wà nínú àpò òun, ìbò rẹ̀ dín kù níbẹ̀. Kí ni ìyẹn ń kọ́ wa? Pé bí ìlú bá jókòó sọ̀rọ̀, “ọmọ wa ni” nìkan kì í tó mọ́.

Ẹ̀kẹta wáyé nígbà ìbò àwọn dépíté ní ọdún 2015. Àwọn olùwádìí mẹ́rin láti Amẹ́ríkà, Claire Adida, Jessica Gottlieb, Eric Kramon àti Gwyneth McClendon, fi fídíò han àwọn olùdìbò nípa iṣẹ́ tí dépíté wọn ṣe ní ilé ìgbìmọ̀. Ṣé ó máa ń wá sí ìjókòó? Ṣé ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀? Ẹ lè rò pé gbàrà tí aráàlú bá gbọ́ pé dépíté kan ń ṣiṣẹ́, wọ́n á dìbò fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Rárá o. Níbi tí ìròyìn rere náà ti dé etí àwọn díẹ̀ nìkan, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ohun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀, ńṣe ni ìbò ẹgbẹ́ náà dín kù. Ibi tí iṣẹ́ rere ti lérè ni ibi tí ohun méjì ti pàdé: wọ́n ṣàlàyé fún àwọn èèyàn bí iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ ṣe kan ìgbésí ayé wọn, ìròyìn náà sì tàn dé gbogbo agbègbè, débi pé olúkúlùkù mọ̀ pé aládùúgbò òun náà ti gbọ́.

Ẹ tún un gbọ́, nítorí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ òótọ́, ẹ̀rù á máa bà á. Á ní, “Bí èmi nìkan bá dìbò fún ẹni tó dára, tí àwọn yòókù tẹ̀lé ẹni tó ń pín nǹkan, ìlú wa á pàdánù, wọ́n á sì fi ìka hàn mí.” Àmọ́ bí gbogbo wa bá jọ gbọ́ ọ, tí a jọ mọ̀ pé a gbọ́ ọ, ọkàn á balẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ta ló sì lè kó ìlú jọ kí wọ́n jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà? Ààfin ni. Ọjà ni. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn olùwádìí ti fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí ìbò wa ṣaláìní wà ní ọwọ́ ẹ̀yin àgbà.

Àwọn ará ìta ti mọ rírì iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní 2013, wọ́n yan Wantchekon sínú American Academy of Arts and Sciences, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ní Amẹ́ríkà. Ní yunifásítì lókè òkun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn abúlé wa. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa gan-an, ẹni mélòó ló ti gbọ́ ọ? Ìtìjú ni, tiwa sì ni ìtìjú náà.

A mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà. A ti gbọ́ ohùn wọn nínú ìpàdé. Àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Ṣé àwọn tó wá fi wá dán nǹkan wò bí ẹran ni ẹ fẹ́ fún lóyè?” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀dọ́ kan ti wá bá pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó béèrè ohun 50, tó sì lọ, tí a kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi kọ àbájáde rẹ̀, inú ìwé tí owó rẹ̀ ju owó oṣù olùkọ́ lọ ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí. Ìyẹn kò tọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè tìtorí pé oníṣègùn kò sọ orúkọ àrùn fún wa, ká ní kò wo àrùn. Ohun tó yẹ ni pé ká fi ìyìn àti ìbéèrè lé e lọ́wọ́ pọ̀: o ṣeun, àmọ́ mú àbájáde rẹ padà wá fún wa ní èdè wa.

Ìkejì, wọ́n ní, “Wantchekon kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àwọn mẹ́rin yẹn sì jẹ́ òyìnbó. Kí ló dé tí a ò fi oyè wa fún ọmọ wa?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. “Ọmọ wa ni.” Àìsàn tí ìwádìí náà ń sọ gan-an nìyẹn. Bí a bá ní a fẹ́ ìbò tó tọ́, tí a sì ń fi ìran ẹni wọn ẹ̀yẹ, ẹnu wa àti ọwọ́ wa kò bára mu.

Kí ẹ má sì rò pé àwọn tó wà ní yunifásítì nìkan ni olùwádìí. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì wà ní àdúgbò wa. Láti ìgbà ìbò 1991, bí wọ́n bá ti ń ka ìbò ní gbangba ní ibùdó, ó máa ń dúró, ó máa ń kọ iye tí olúkúlùkù ní sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé. Àwọn oní-zémìjàn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbò ti di àdúrà rẹ̀. Ní ìbò kan tó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ láàárín ọ̀dọ́ ìhà méjì, wọ́n ti ń ṣa igi. Àgbà kan ní kí wọ́n lọ pe olùkọ́ wá. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà bá ti ibùdó mu. Wọ́n sọ igi sílẹ̀, wọ́n lọ sílé. Iye ẹ̀mí tí ìwé yẹn yọ lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. A kò fún ọkùnrin yìí ní ohunkóhun rí, àní ẹyọ obì kan.

Ó kù ká sọ tiwa. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí kò mọ́ pátápátá. A ti kọ “ọmọ wa ni” sí ojú ìwé àkọ́kọ́ rí. A ti gba owó ìpolówó lọ́wọ́ olùdíje, a sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìròyìn ni. A kò béèrè ohun tó ṣe nílé ìgbìmọ̀, a béèrè ohun tó mú wá fún ẹgbẹ́. Ìwé ìròyìn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń pín ìrẹsì. Ẹ foríjì wá. A kò ní ṣe é mọ́.

Ohun tí a wá ń bẹ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin Kábíyèsí fún rèé.

Àkọ́kọ́, láti ọdún yìí lọ, kí ipò kan wà nínú ìwé ẹ̀yẹ fún ẹni tó ṣe ìwádìí tàbí ìṣọ́ tó mú ìbò dára sí i, láìwo ìran tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ san owó sí i. A dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùwádìí tí a dárúkọ yìí àti olùkọ́ wa, kí wọ́n jókòó lórí ìjókòó kan náà lọ́jọ́ ọdún. Kí a má gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé béèrè ọ̀rọ̀, tí orúkọ wọn kì í sí lẹ́yìn ìwé.

Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣe ìwádìí ìbò ní ìlú wa kọ́kọ́ ṣe ìlérí níwájú àwọn ìjòyè pé òun yóò mú àbájáde rẹ̀ padà wá ní Yorùbá. Kí a kà á ní ààfin, kí a kà á ní ọjọ́ ọjà, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Sákété, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́. Àwọn ará wa ní Àtàkpamé náà lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ìkẹta, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ìpàdé ìta gbangba kan kó tó di ọjọ́ ìbò, bíi ti 2006. Gbogbo olùdíje ni ká pè. Ẹni tó bá gbé ẹ̀bùn dání, kó dá a padà sínú ọkọ̀. Kí àwọn ìyálọ́jà ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé etí wọn ṣí sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ọba kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ọba ló sì lè pe gbogbo wọn tí wọ́n á jẹ́.

Ìkẹrin jẹ́ tiwa. Ìwé ìròyìn yìí kò ní ki olùdíje kankan mọ́. Ìbéèrè ni a ó máa tẹ̀ jáde, pẹ̀lú ìdáhùn olúkúlùkù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí ẹ lè rí i.

Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ń bọ̀, ibẹ̀ ni a ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kí ẹ dìbò sí i. Ẹ wá. Bí ẹ bá ní ó tọ́, ẹ gbé ọwọ́ sókè. Bí ẹ bá ní kò tọ́, ẹ dìde kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Olùkọ́ wa náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Òun ni yóò ka ọwọ́.